Àkọ́so Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi

Nílé wa ní Massè, òórùn ògì ni ó máa ń jí wa. Ìyá mi á ti rẹ àgbàdo sómi láti ọjọ́ mẹ́ta, á ti kan, gbogbo àgbàlá á sì ti mọ̀ pé ọjọ́ ọjà Adja-Ouèrè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo kórìíra òórùn náà nígbà tí mo wà léwe. Ó máa ń tẹ̀ lé aṣọ mi dé ilé-ìwé, àwọn tí ó jókòó tì mí a sì máa di imú. Nígbà tí mo kúrò nílé, mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé èmi àti omi ògì ti pínyà. Orí mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín.

Ìlú kékeré kan ní àríwá Ítálì ni mo lọ. Ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀ kò sí lára ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé obìnrin àgbàlagbà kan tí ó ń fa ajá rẹ̀ lọ, mo sì kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Obìnrin náà sáré wá gbá mi mú lápá, ó rò pé mo ṣubú ni. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo orúnkún mi bóyá mo fara pa. Láti ọjọ́ náà ni orúnkún mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró gbọin-gbọin. Mo fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún àwọn ará ilé lórí fóònù. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún, nítorí pé ẹni tí kò rí ẹni tí yóò kí, ta ni yóò mọ̀ pé a kọ́ ọ nílé?

Ó pẹ́ kí n tó rí iṣẹ́ gidi. Èyí tí mo rí, mo máa ń fọ ilẹ̀ ni, ní ilé iṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn ìlú. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kò lọ, kò bọ̀. Àgbàdo kíkan ni mo ń gbóòórùn. Kì í ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Òun gan-an ni, omi ògì ìyá mi, ní ilẹ̀ òyìnbó, láàárín irin àti gíláàsì. Omijé bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Mariza, obìnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó gbọ́ Faransé díẹ̀ nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù rí, Faransé náà, tí èmi kọ́ ní ilé-ìwé, ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó wo ojú mi, ó rò pé òórùn náà ni ó ń dà mí láàmú.

"Ó máa mọ́ ọ lára," ó ní. "Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn wa ni."

"Ẹran wo? Níbo ni wọ́n wà?"

Ó mú mi gun àtẹ̀gùn irin lọ sí ẹ̀gbẹ́ àgbá kan tí ó ga ju ilé alájà méjì lọ. Fèrèsé kékeré kan wà lára rẹ̀, kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Mo yọjú. Ohun kan tí ó ki bí ògì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì lórí iná ń yí po nínú rẹ̀, ó ń ru, ó ń hó.

"Òun nìyẹn," ni Mariza wí. "Ebu ni."

Mo ní kí ó tún un sọ. Ṣé ebu, ohun funfun bí òwú tí ó máa ń bo ẹ̀kọ tí ó bá pẹ́ nínú ewé, èyí tí ìyá mi máa ń fi èékánná hó dànù? Ó ní òun ni. Ilé iṣẹ́ náà ń sìn ín bí a ti ń sin adìyẹ. Irú rẹ̀ kan wà tí ó máa ń tú oje sí àyíká ara rẹ̀ láti pa àwọn kòkòrò tí a kò lè fojú rí, kí wọ́n má baà bá a du oúnjẹ. Oje yẹn ni wọ́n ń sọ di oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fún ẹni tí egbò rẹ̀ bá kẹ̀ tàbí tí àyà rẹ̀ bá ń dùn ún. Mariza ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹ̀dá tí ń ṣe é, pé nínú ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ oko, àwọn ohun tín-tìn-tín wà níbẹ̀ tí wọn kì í sinmi ogun. Mo rántí ilẹ̀ dúdú agbègbè wa ní Ọ̀họ̀rí, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lásìkò òjò bí ẹni pé kò fẹ́ kí a lọ. Ta ni ó mọ oògùn tí ó wà nínú èyí tí mo gbọ̀n kúrò lára bàtà mi?

Mo ń fọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Inú ìgò kékeré kan ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí irúgbìn ebu ń sùn sí nínú òtútù. Wọ́n á jí i, wọ́n á gbé e sínú ìgò tí ó tóbi jù ú lọ, láti ibẹ̀ sí àgbá kékeré, láti àgbá kékeré sí àgbá ńlá. Omi àgbàdo ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà. Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn tí wọ́n ti sẹ́ sí i láìdábọ̀, nítorí pé ó ń mí, irin kan sì ń rò ó. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sórí asẹ́ ńlá kan tí ń yí, bí ìyá mi ṣe ń sẹ́ ògì gan-an: èérí lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀. Inú omi náà ni oògùn wà. Wọ́n á mú un tutù, wọ́n á fi omi mìíràn tí ó ń ta ènìyàn nímú fà á jáde, títí yóò fi di ìyẹ̀fun funfun tí ó dà bí iyọ̀. Ìyẹ̀fun náà ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀. Àwọn ẹlòmíràn, ní ibòmíràn, ni wọ́n ń sọ ọ́ di hóró tí a ń gbé mì. Èmi kò fọwọ́ kan oògùn náà rí. Ẹ rántí èyí.

Ohun kan tí Mariza sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní tí wọ́n bá fún ebu ní ṣúgà ní àjẹyó, á sanra, á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò ní ṣe oògùn kan tí yóò ní láárí. Ńṣe ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀, kí ó má kú, kí ó má sì yó. Ìgbà tí ebi bá ń pa á ni ó ń ṣe ohun tí wọ́n ń wá lára rẹ̀. Mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu mi. Mo mọ ẹlòmíràn tí wọ́n ń sìn bẹ́ẹ̀ ní ìlú yẹn. Yàrá kan, àga kan, ìkòkò kan. Orí ìdúró ni mo ti máa ń jẹun, nítorí pé mi ò lè jókòó ti oúnjẹ níbi tí kò sí ẹni tí màá sọ fún pé "ẹ wá jẹun."

Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán ni mo máa ń pe ìyá mi.

"Màámi, ebu ni a ń sìn níbí o."

"Ebu tí èmi ń hó dànù?"

"Òun náà ni. Omi àgbàdo kíkan sì ni a fi ń bọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ọmọ mi, o kọjá òkun kí o tó lọ sin ebu. Ìkòkò mi tó wà lẹ́yìn ilé ńkọ́? Èyí tó wà nínú rẹ̀ ti tó fi fọ́kọ."

"Ẹ fi pamọ́ dè mí."

"Ó dára. Ìgbà wo wá ni àgbàlá máa tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wò?"

Ó máa ń fi èyí ṣe mí yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ náà ní egungun nínú. Yàtọ̀ sí tiwa, ilé méje ni ó wà ní àgbàlá wa, gbogbo wa a sì máa kírun pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ọmọ bá mú jáde níbẹ̀, àkọ́so ni, òbí rẹ̀ kì í nìkan jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́kọ́ gbin àgbàdo tirẹ̀, ìyá mi pín in yíká ilé méjèèje, kálukú jẹ ẹnu kan, ó sì ṣàdúrà kan. Wọ́n gbà pé òbí tí ó bá nìkan jẹ àkọ́so ọmọ, ọwọ́ ọmọ náà kò ní so mọ́. Èmi kúrò nílé kí ọwọ́ mi tó mú nǹkan jáde. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ kò kà. Wọ́n ní owó kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ṣe. Nítorí náà, nínú gbogbo ọmọ àgbàlá, èmi nìkan ni kò tíì ní àkọ́so, èmi nìkan ni wọn kò tíì ṣàdúrà yẹn fún. Àárín àwọn àjèjì ni mo wà láìní in, mo sì mọ̀ pé ó ń jẹ ìyá mi lọ́kàn.

Ọkàn mi dùn ní ìgbà kan níbẹ̀, n kò ní parọ́. Mo ń nu ilẹ̀ lábẹ́ àgbá kẹta nígbà tí mo gbọ́ òórùn kan tí kò bá mi lára mu. Àgbàdo a máa kan ní oríṣi méjì. Ọ̀kan kan, ó sì tọ́. Ìkejì kan, ó sì ti bàjẹ́, ìyá mi sì máa ń da odidi ìkòkò nù nítorí rẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìkejì yìí ni. Mo sọ fún Mariza. Ó wò mí, ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi, síbẹ̀ ó lọ pe àwọn tí ń ṣàyẹ̀wò. Kòkòrò àjèjì ti wọnú àgbá náà. Wọ́n sè gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pa, wọ́n dà á nù, ó ku díẹ̀ kí ó ran èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi da gbogbo rẹ̀ nù?" mo bi Mariza.

"Tí o bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, àwọn díẹ̀ yẹn ló máa tún kún àgbá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára aláìsàn. Tí ó bá dá oògùn rẹ̀ dúró nígbà tí ara bá fúyẹ́, èyí tó le jù nínú kòkòrò náà ló máa ń ṣẹ́kù."

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní aṣọ funfun, wọ́n ní kí n máa bá Mariza bu omi àgbá fún àyẹ̀wò. Mo pe ìyá mi. Mo ní, "Màámi, imú yín ni wọ́n gbà síṣẹ́ o."

Ó ní, "Ẹ ò rí imú mi. Ó ti dé ilẹ̀ yovó, èmi ò tíì kọjá Pobè." Yovó ni a ń pe òyìnbó nílé wa.

Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gún igi ọ̀pẹ gún ìyá mi. Ọ̀nà oko tí ó lọ sí Ikpinlè ni ó gbà lọ ṣa ẹyìn, ó tẹ imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ mọ́lẹ̀, ẹ̀gún náà sì wọlé jìn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ewé ni ó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ó ń fi ọ̀kadà ṣe zẹ́mìjàn, tí ó ń gbé èrò ní Adja-Ouèrè, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀ńfìmíyè ibẹ̀, ọkùnrin tí ń tọ́jú aláìsàn, fọ egbò náà, ó kọ oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi rà á pé. Ọgbọ̀n hóró, mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀ńfìmíyè ní ẹyọ kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù.

Ìyá mi kò gbé ọ̀kan mì.

"Ó kọ̀ jálẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí nígbà tí ó pè mí. "Bá a sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ti ń yípadà."

Mo mọ ohun tí ó ń ba ìyá mi lẹ́rù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ra hóró pupa àti dúdú lórí àtẹ lọ́jà nígbà kan, tí wọ́n ń tà ní ẹyọ ẹyọ, tí oòrùn ti pa. Ó lò ó fún ibà, kò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí hóró tí ó kọjá ètè ìyá mi.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ilé fàmásí ni wọ́n ti ra èyí. Kì í ṣe ti orí àtẹ."

"Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n n ò mọ ọwọ́ tó ṣe é."

Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ni mo dúró sí, pẹ̀lú aṣọ funfun mi lọ́rùn. Mo wo ọwọ́ ara mi.

"Ọwọ́ mi ló ṣe é," ni mo wí. "Ebu tí mo sọ fún yín ni. Ibi iṣẹ́ mi ló ti wá. Èmi ni mo ṣe oògùn yẹn, Màámi."

Irọ́ ni. N kò tilẹ̀ rí páálí rẹ̀. Ó lè jẹ́ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, ó lè jẹ́ Íńdíà, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sì lè máà mọ ìlú tí mo wà rárá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó gbé e mì. Mo sì fẹ́ ohun mìíràn tí ojú ń tì mí láti sọ: mo fẹ́ kí ó jẹ́ òótọ́.

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ó ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Gbé omi wá. Ọwọ́ àbúrò rẹ ló ṣe é. O ò sọ fún mi láti àárọ̀."

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ búburú ni wọ́n ń bá wí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a fi ìfẹ́ sọ náà ń fọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, wíwú ẹsẹ̀ náà ti rọlẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ni ó pè mí, ohun tí kì í ṣe. Ó ní òun ti rìn dé ìdí kànga. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ tutù, ọmọ mi." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri nínú ilé iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ náà. Mo tilẹ̀ sọ fún Mariza, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kì í sábà rí ní ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí mo tún pè é, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, mo béèrè oògùn.

"Ó ti tán," ó ní. "Gbogbo ilé ń kí ọ. Wọ́n ní kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa tàn kálẹ̀."

Mo ní àmín. N kò ka ọjọ́. Èmi tí mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń da odidi àgbá nù, n kò jókòó ka ọjọ́ lórí ìka mi.

Ẹsẹ̀ náà tún wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́tẹ̀ yìí dé orúnkún. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń sọ̀rọ̀ sọnù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n ṣe ohun tí agbára wọn ká, ṣùgbọ́n àrùn náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ó kú. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Mo wà lórí àtẹ̀gùn irin nígbà náà, mo ń bu omi àgbá sínú ìgò. Nígbà tí mo fi ráyè wo fóònù mi, ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀.

Mariza gbé àga fún mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ sílé. Mo bi í pé ilé wo. Mo padà sídìí àgbá.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀ńfìmíyè àkọ́kọ́ ni ó bi í léèrè bóyá ìyá wa lo oògùn náà tán. Ó délé, ó wádìí. Mẹ́sàn-án péré ni ìyá wa lò. Mọ́kànlélógún tí ó ṣẹ́kù, ó múra, ó fi ìdúpẹ́ pín in yíká ilé méjèèje, hóró mẹ́ta mẹ́ta.

"Ó ní àkọ́so rẹ ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi wà lẹ́nu zẹ́mìjàn mi. N ò mọ̀."

Mo ka ọjọ́ lórí ìka mi, mẹ́ta péré ni.

"Má bá wọn sọ ọ́ tí o bá dé," ó ní. "Wọ́n jẹ ẹ́ láìmọ̀. Kí ni wọ́n máa fi ìyẹn ṣe?" Mo ṣèlérí fún un.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ohun kan nípa àjò. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí ó lọ ń gbàgbé ilé. Ní tèmi, mo gbàgbé bí ilé ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ní "ọwọ́ mi ló ṣe é," mo rò pé mo sọ pé kí ó gbé e mì. Nílé wa, ohun tí mo sọ ni pé kí ó pín in. Ká ní mo ṣì jẹ́ ọmọ Massè tinútinú, màá ti mọ̀ kí n tó la ẹnu. Ká ní mo sì ti di ará Ítálì, n kì bá tí parọ́ irú rẹ̀. Àárín méjèèjì ni mo wà tí mo ti pa ìyá mi. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún ara mi.

Ó lé ní ọdún kan kí ìwé ìgbélùú mi tó jẹ́ kí n lọ sílé. Ọjà ni mo kọ́kọ́ gbà kọjá ní Adja-Ouèrè, lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi lórí ọ̀kadà, n kò sì gbóòórùn ohun kan. Ibi tí ìyá mi máa ń jókòó sí, ẹlòmíràn ti ń ta gàrí níbẹ̀. Nílé, ìkòkò ògì rẹ̀ dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo gbé e sókè. Ó gbẹ, ó mọ́, kò sí ebu kankan nínú rẹ̀.

Mo lọ kí wọn ní ilé ní ilé. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi sì dún, nítorí pé ó ti pẹ́. Baálé wa gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "A tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wò, a sì ṣàdúrà. Ìyá rẹ rí i kí ó tó lọ." Ìyàwó rẹ̀ ní èyí tí òun lò, ẹ̀yìn tí ń dun òun fi òun sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Ilé mẹ́fà ni mo wọ̀, ilé mẹ́fà ni wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń dáhùn. Mo ń ṣe àmín.

Ilé keje ni ti Ìyá Elépo, ẹni tí ó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin àgbàlá, tí ó ti ń fún epo kí wọ́n tó fi ìyá mi fọ́kọ síbẹ̀. Ó jókòó lẹ́bàá iná epo rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Lẹ́yìn náà ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú akísà kékeré kan jáde, ó tú u. Hóró mẹ́ta wà nínú rẹ̀.

"Èmi ò lo tèmi," ó ní. "Mo fi pamọ́ de ọjọ́ àìsàn mi. Ìwọ tó ṣe é ti dé báyìí. Báwo ni kí n ṣe lò ó?"

Mo ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n n kò lè wo hóró yẹn kí n tún purọ́ lé e.

"Ẹ má lò ó, Ìyá," ni mo wí. "Mẹ́ta kò tó, kò lè ṣe nǹkan kan. Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Irọ́ ni mo pa fún Màámi kí wọ́n lè gbé e mì. Ó yẹ kí wọ́n nìkan lò ó tán. Pínpín tí wọ́n pín in ni ẹsẹ̀ yẹn fi padà wú."

Ìyá Elépo fi igi ro epo, ó yọ igi náà, ó gbé e lé ẹnu ìkòkò.

"Ìyá rẹ mọ̀," ó ní.

"Wọ́n mọ kí ni?"

"Pé ó yẹ kí òun lò ó tán. Ẹ̀ńfìmíyè sọ fún un. Èmi náà sọ fún un, níbi tí o jókòó sí yìí. Mo ní, ìyàwó, ẹsẹ̀ rẹ ò tíì jinná, fi nǹkan yìí sílẹ̀ fún ara rẹ. Ó ní ẹsẹ̀ òun lè dúró. Ó ní ọmọ òun wà láàárín àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa ṣàdúrà fún un níbẹ̀. Ó ní tí òun bá torí ẹsẹ̀ nìkan jẹ àkọ́so rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ò wá so mọ́, kí ni òun máa sọ fún un?"

Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò. N kò mọ ibi tí màá gbé ojú mi sí.

"Mo gba tèmi," ni Ìyá Elépo wí. "Mo ṣàdúrà náà dáadáa."

Ó kó hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sínú akísà, ó dì í ní kókó, ó fi sí ìdí ìró rẹ̀ níbi tí ó ti mú un jáde. Lẹ́yìn náà ó wò mí lójú, bí ẹni tí ń béèrè ohun tí ìyá mi rán an pé kí ó béèrè.

"Ṣé iṣẹ́ náà ń lọ déédéé?"

Mo wo ọwọ́ mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," ni mo wí. "Ó ń lọ."